Ta Ló Jẹ̀bi, Ẹṣin Ni Àbí Awakọ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní New Jersey nìyí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí, àyàfi àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́.)

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀, ẹ kú òtútù. Mo júbà ẹ̀yin àgbà. Bí ẹnu mi bá ṣì í sọ, ọmọ yín ni mí, ẹ bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ẹ dé ìlú yìí.” Mo ní, “Ṣé ìgbẹ́ ẹṣin tí mo kó?” Ó ní, “Òun gan-an ni.” (Ẹ̀rín.) Ó dáa. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Lónìí, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ẹṣin ní ìpínlẹ̀ yìí kí n tó rí iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ẹṣin tí wọ́n ń gùn lẹ́yìn o. Àwọn tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ lẹ́yìn ni, tí ènìyàn á jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà, tí wọ́n á sì fi bá ara wọn sáré. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí awakọ̀ kan bá dí ẹlòmíràn lọ́nà nínú eré yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń bá a wí, báwo ló sì ṣe yẹ kí wọ́n bá a wí? Ó dà bí ìbéèrè kan ṣoṣo, àbí? Ẹ jẹ́ ká máa lọ ná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò wò ó rí. Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi máa ń gbé e kọ́ ògiri. Awakọ̀ á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á di okùn ìjánu mú. Mò ń pè é ní awakọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tirẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì, koríko ló ń mu dípò epo. (Ẹ̀rín.) Ìrù ẹṣin ń jù sí i lójú, ẹrẹ̀ ń ta sí i lẹ́nu. Wọ́n lè tó mẹ́wàá lórí pápá, wọ́n á sáré máìlì kan, àwọn tó já fáfá sì ń parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 2 tó pé. Ìyẹn ju kìlómítà 48 lọ ní wákàtí kan. Standardbred ni orúkọ irú ẹṣin náà. Òṣùwọ̀n ló bí orúkọ yẹn: ní 1879, wọ́n ní ẹṣin tó bá lè sáré máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìran. Bàbá ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní Hambletonian, New York ni wọ́n bí i sí ní 1849. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ eré tó lókìkí jù fún àwọn ọlọ́dún mẹ́ta. Syracuse ni eré yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1926, àmọ́ láti 1981, Meadowlands ní East Rutherford níbí ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní MetLife, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni. Ẹ ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láìmọ̀.

Òfin kan wà tó jẹ́ ẹ̀mí eré yìí. Ẹṣin kò gbọdọ̀ fò bí ẹṣin ṣe máa ń fò bó bá ki eré mọ́lẹ̀. Ìṣísẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àwọn kan ń gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀, ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀tún, òsì pẹ̀lú òsì. Bí ìṣísẹ̀ bá dàrú, tí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í fò, awakọ̀ gbọ́dọ̀ yà á sí ìta bí àyè bá wà, kó fà á padà sínú ìṣísẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jèrè ìṣísẹ̀ kan nínú fífò yẹn.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Nítorí pé nínú eré yìí, ẹ kò nílò láti ti ẹnikẹ́ni ṣubú kí ẹ tó ba tirẹ̀ jẹ́. Ẹ kàn dẹ́rù ba ẹṣin rẹ̀ díẹ̀, ìṣísẹ̀ á dàrú, ó parí. Táyà sì wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ ní ẹsẹ̀ gíga gan-an. Ní 1892 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo táyà kékeré bíi ti básíkùlù, tó ní afẹ́fẹ́ nínú, ọdún yẹn gan-an sì ni abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Nancy Hanks sáré máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4. Eré yára sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, táyà ẹnìkan kò jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀ ẹṣin ẹlòmíràn mọ́. Bí ẹ bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ láàárín wọn, ẹ ó máa gbọ́ mímí ẹṣin tó wà lẹ́yìn yín lórí akoto yín.

Kí wá ni wọ́n ń pè ní dídí ọ̀nà? Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní United States Trotting Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ti to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ náà sínú òfin wọn. Ẹni tó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tí ẹlòmíràn ti sún mọ́ ọn débi pé tẹ̀yìn ní láti fa ìjánu, ó ti ṣẹ̀. Ẹni tó já gbà iwájú ẹlòmíràn lójijì, ó ti ṣẹ̀. Ẹni tó fi táyà kọ́ táyà ńkọ́? Ẹni tó ń gbé ẹlòmíràn lọ sí ìta pápá ńkọ́? Ẹni tó wà níwájú tó déédéé fà á dúró, tí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wá ń kó lé ara wọn lórí ńkọ́? Wọ́n ti ṣẹ̀, gbogbo wọn.

Ọ̀kan wà nínú òfin náà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ́: wọ́n ní awakọ̀ kò gbọdọ̀ “ti táyà bọ abẹ́” ẹlòmíràn. Ẹni tí kò dé orí pápá rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ṣe é rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, a kàn ń fi ẹṣin nara ni, kì í ṣe ìdíje. Ọ̀gá mi ní kí n mú ẹṣin kan jáde. Mo fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá arúgbó kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo rò pé mo ti kọjá tán. Mo fa ìjánu sósì díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Ohun tí mo gbọ́ ni pá! pá! pá! Pátákò ẹṣin bàbá náà ló ń lu ike tó bo táyà mi. Táyà mi ti wọ abẹ́ ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin náà na orí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, bàbá náà fà á títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tí a padà dé ilé ẹṣin, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́ sílẹ̀ tí mò ń wá. (Ẹ̀rín.) Mo ní, “Ẹ má bínú sà, mi ò mọ̀ọ́mọ̀.” Ó ní, “Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣé o wẹ̀yìn?” Mo dákẹ́. Mi ò wẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìbéèrè yẹn mú: ṣé o wẹ̀yìn? A ó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ní Meadowlands. Ọjọ́ Hambletonian. Mo ti fi iṣẹ́ ẹṣin sílẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò lè ṣe kó má gbé mi débẹ̀. Mo wà láàárín èrò, mo sì ta tẹ́tẹ́ dọ́là 2 lé ẹṣin kan tó ń jẹ́ What The Hill. (Àwọn kan ń pariwo.) Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, dọ́là 2 péré ni.

Mílíọ̀nù kan dọ́là ni owó eré náà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó bá ṣe ipò kìíní. David Miller ló ń wa What The Hill, ògbólógbòó awakọ̀ ni. Wọ́n yí kọ́nà tó kẹ́yìn, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé. What The Hill ń wá àyè láti jáde, ó yà síta. Guardian Angel As ń bọ̀ níbẹ̀, àyè há, ìṣísẹ̀ Guardian Angel As sì dàrú. What The Hill ní tirẹ̀ rí ọ̀nà, ó lọ, ó kọ́kọ́ dé ilé. Mo fò sókè. Mo ti ń ṣírò owó mi.

Ìgbà náà ni iná ìwádìí tàn lára pátákó, pé àwọn adájọ́ eré ń yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ wò. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ju tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ kò bá tíì dúró láàárín èrò tó ń retí ìdájọ́ rí, ẹ kò tíì mọ bí ìṣẹ́jú ṣe ń gùn tó. Wọ́n ń fi àwòrán náà hàn, wọ́n tún ń fi í hàn. Ẹni tó ta tirẹ̀ lé What The Hill ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ta tirẹ̀ lé ẹṣin kejì ní kí wọ́n so awakọ̀ náà rọ̀. (Ẹ̀rín.) Nígbà tí wọ́n máa dájọ́, wọ́n mú What The Hill kúrò ní ipò kìíní, wọ́n gbé e lọ sí ipò kẹsàn-án, sẹ́yìn Guardian Angel As. Perfect Spirit, tí Åke Svanstedt ará Sweden ń wà, ló di olúborí. Tíkẹ́ẹ̀tì mi di bébà lásán.

Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pariwo pé òjóró ni, pé ẹṣin tó dára jù ló wọlé ní ipò kìíní. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pé òun ló dára jù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí adájọ́ dá nìyẹn. Mo pàdánù dọ́là 2, mo sì gbà pé ìdájọ́ náà tọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi gan-an wà. Mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ó dà bí ìbéèrè kan. Ìbéèrè méjì ni. Ẹjọ́ ẹṣin wà, ẹjọ́ awakọ̀ wà, wọn kì í ṣe ẹjọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló bí wọn.

Nínú ẹjọ́ ẹṣin, ohun tí wọ́n ń bi ni pé: kí ni ẹni tí wọ́n dí lọ́nà pàdánù? Ṣé ì bá ti wọlé ní ipò tó sàn ju èyí lọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé ẹni tó dí i lọ́nà lọ sẹ́yìn rẹ̀. Kò kan bóyá awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀. Kò kan bóyá ẹṣin náà ló bẹ̀rù òjìji tó déédéé yà. Ọjà ẹlòmíràn ti bàjẹ́, ẹ dá a padà fún un. Nínú ẹjọ́ awakọ̀, ìbéèrè bàbá arúgbó yẹn ni: ṣé o wẹ̀yìn? Ṣé o ní àyè tó kí o tó já wọlé? Nígbà tí ẹṣin rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yà, ṣé o fà á padà, àbí o ń nà án ní pàṣán lọ?

Ẹ wá wò ó. Ẹṣin lè jẹ̀bi kí awakọ̀ má jẹ̀bi: ẹṣin ta gìrì, awakọ̀ ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, síbẹ̀ ẹlòmíràn ti pàdánù ipò rẹ̀. Ẹ gbé ẹṣin sẹ́yìn, ẹ fi awakọ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ sì lè jẹ̀bi kí ẹṣin má jẹ̀bi, èyí gan-an ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Awakọ̀ já wọlé bíi danfó ní Ọ̀jọ́ta, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn fa ìjánu, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dí lọ́nà padà borí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàdánù ipò kankan. Ṣé ká wá sọ pé kò ṣẹ̀? Ó kàn ṣe oríire ni! Ẹ jẹ́ kí ipò ẹṣin dúró bó ṣe wà, kí ẹ sì pe awakọ̀ wá síwájú tábìlì lọ́la.

Gbogbo ariwo tí mo ti gbọ́ nídìí eré yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé pípa ẹjọ́ méjèèjì pọ̀ ló ń fà á. Onítẹ́tẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin, awakọ̀ ń gbèjà orúkọ rẹ̀, kálukú ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnì kejì kò bi. Adájọ́ fúnra rẹ̀ a máa ṣì í. Ó ti gbé ẹṣin sẹ́yìn, ó wá rò pé ìyà ti tó awakọ̀ nìyẹn. Ta ló jẹ ìyà ẹṣin tí wọ́n gbé sẹ́yìn? Olówó ẹṣin ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí ìyà náà, torí Alága ti ń wo aago.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún awakọ̀. Owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré. Ní ilẹ̀ yìí, àṣà ni pé awakọ̀ ń gba 5 nínú 100 owó tí ẹṣin rẹ̀ bá jẹ. Bí ẹṣin bá jẹ 500,000 dọ́là, 25,000 ni ti awakọ̀. Bí ẹ bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹ ó gba ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá gba iwájú ẹlòmíràn, ṣé ìyẹn ni yóò dá a dúró? Ẹ kò bá a wí o, ẹ kàn gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Á san án, á tún já wọlé lọ́la.

Ìdádúró ló ń dun awakọ̀. Àmọ́ ẹ má yára pàtẹ́wọ́, torí òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Ká ní wọ́n dá ènìyàn méjì dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀kan jẹ́ gbajúmọ̀ tó ń wa ẹṣin mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ní alẹ́ kan ṣoṣo. Èkejì ní ẹṣin méjì péré nílé, òun ló ń tọ́jú wọn, òun ló ń wà wọ́n, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá kan náà. Ṣé ìyà kan náà ni? Gbajúmọ̀ ti pàdánù eré tó lé ní 40. Èkejì lè má pàdánù ju eré méjì lọ, bóyá ó tilẹ̀ fi àkókò náà tún òrùlé ṣe.

Àwọn ará New Zealand ti ronú sí èyí dáadáa. Ní ọ̀dọ̀ wọn, bí wọ́n bá fẹ́ dá awakọ̀ dúró, iye eré tó yẹ kó pàdánù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò, wọ́n á wá wo bó ṣe ń wa ẹṣin sí, kí wọ́n tó yí i padà sí ọjọ́. Gbajúmọ̀ á fi ọjọ́ díẹ̀ san tirẹ̀ tán, ẹni tó ní ẹṣin méjì péré á fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ san án. Wọ́n tún máa ń wo ìwé ẹ̀yìn: ẹni tó wa ẹṣin ní àìmọye ìgbà lọ́dún tí kò ṣẹ̀, wọ́n á fà á sílẹ̀ fún un; ẹni tó sì gbà pé òun jẹ̀bi láìfa ẹjọ́ gùn, wọ́n á rò ó sí rere fún un. Láti 2021, Racing Integrity Board ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ìdájọ́ jáde fún gbogbo ayé láti kà, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Bí awakọ̀ bá ka ìdájọ́ tí wọ́n dá fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, á mọ ibi tí ìlà wà. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ẹ ò rí i pé òwe yẹn kò ṣàdédé wáyé.

Ti gbígbọ́ tẹnu awakọ̀, ṣókí ni màá sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Lórí pápá níbí, bí eré bá ti parí tí iná ìwádìí tàn, adájọ́ wà lókè, fóònù wà nísàlẹ̀. Awakọ̀ á gbé e, ẹrẹ̀ ṣì wà ní ojú rẹ̀, àyà rẹ̀ ṣì ń sáré, á sọ tirẹ̀. Ó dára, ó tó fún ẹjọ́ ẹṣin, torí àwọn onítẹ́tẹ́ ń dúró, bí wọ́n bá sì ti kéde èsì tí wọ́n san owó, kò sí ìdájọ́ mìíràn tó lè gba owó yẹn padà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ awakọ̀ kò ní kánjú kankan. Ẹ jẹ́ kó wẹ̀, kó sùn, kó wá wo àwòrán náà pẹ̀lú yín ní ọjọ́ kejì.

Ìtàn kan ló kù.

Ẹṣin kan wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, akọ ni, dúdú bí ikòkò. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn, torí náà Àlàó ni mo ń pè é. Bí mo bá ti ní “Àlàó ọ̀kín,” á yí etí sí mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lórí pápá kan tí mi ò ní dárúkọ, awakọ̀ kan gba iwájú rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ Àlàó kò dàrú, ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀, ó tún gbéra, ó wọlé ní ipò kẹta. Ẹni tó gba iwájú rẹ̀ ṣe ipò kẹfà. Àwọn adájọ́ wò ó. Kò sẹ́ni tó pàdánù ipò. Owó ìtanràn kékeré ni wọ́n bu fún awakọ̀ náà, ó sì wà lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni mo tú okùn lára Àlàó lálẹ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí táyà ti gé e wà lókè pátákò ẹsẹ̀ iwájú òsì, kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ. Mo fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, mo di yìnyín mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ó ti jinná. Dókítà ẹṣin ní kò sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Àlàó kò gbà kí táyà sún mọ́ òun mọ́. Ibi tó sàn jù nínú eré ni ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú, tí yóò máa bá yín gé afẹ́fẹ́; ibẹ̀ ni kò fẹ́ dúró sí mọ́. Bó bá ti gbọ́ ìró táyà níwájú, á gbé orí sókè, á fà sí ìta, á máa sá eré gígùn lójú ọ̀nà jíjìn. Mo máa ń rí i ní òwúrọ̀ nínú yàrá rẹ̀, bí ẹnìkan bá ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lọ́nà àárín ilé ẹṣin, kẹ̀kẹ́ tí kò so mọ́ nǹkan kan, etí méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Wọ́n tà á kí ọdún náà tó parí.

Alága, mo rí yín. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé ẹṣin wo ni kí ẹ ta tẹ́tẹ́ lé ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dọ́là 2 mi.